Iná Lábẹ́ Òkun: Ìtàn Erékùṣù Tristan da Cunha



Ẹni tó bá dé etí òkun ní Kútọnu, tó kọjú sí gúúsù, omi nìkan ni yóò rí. Àwọn kan rò pé omi náà lọ bẹ́ẹ̀ títí ni, pé kò sí nǹkan kan láàárín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wà nínú òkun. Òkè wà lábẹ́ òkun. Iná sì wà lábẹ́ àwọn òkè náà mìíràn.

Lónìí, ẹ jẹ́ kí á ka ìtàn òkè oníná kan tó wà láàárín òkun yìí kan náà, òkun Àtìláńtíìkì. Òkè oníná ni òkè tí iná àti òkúta yíyọ́ ń ti inú rẹ̀ jáde. Àwọn ènìyàn ń gbé orí òkè yìí. Ní ọdún 1961, iná là jáde lẹ́bàá ilé wọn. Gbogbo wọn ló sá, gbogbo wọn ló sì yè. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n sá? Kí ló sì dé tí wọ́n tún padà síbẹ̀? Ohun tí a fẹ́ mọ̀ nìyẹn.

Níbo ni erékùṣù náà wà?

Orúkọ rẹ̀ ni Tristan da Cunha. Ẹ lè pè é ní Tirísítánì dà Kúnyà. Erékùṣù ni ilẹ̀ tí omi yí ká.

Ibẹ̀ jìnnà gan-an ni. Láti Kútọnu dé ibẹ̀ tó bíi kìlómítà 5,000. Ẹ wo ọ̀nà tó ti Kútọnu lọ dé Malanville, létí odò Ọya. Bí ẹ bá to ọ̀nà yẹn pọ̀ ní ìgbà mẹ́fà, kò ní tíì tó. Ilẹ̀ tí ènìyàn ń gbé tó sún mọ́ ọn jù lọ ni erékùṣù Saint Helena, bíi kìlómítà 2,400 ló sì wà láàárín wọn. Ọkọ̀ òfúrufú kò lè balẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń lọ. Láti ìlú Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà, ó ń gbà tó bí ọ̀sẹ̀ kan lórí omi, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ará Potogí kan, ọlọ́kọ̀ ojú omi, ló kọ́kọ́ rí erékùṣù náà ní ọdún 1506. Tristão da Cunha ni orúkọ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n fi pe ilẹ̀ náà. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Ní ọdún 1816, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ọmọ ogun síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ ogun máa bọ̀ nílé, ọ̀kan nínú wọn, William Glass, ní òun kò lọ mọ́. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn dúró. Lẹ́yìn náà àwọn mìíràn wá bá wọn, ọkùnrin àti obìnrin, láti oríṣiríṣi ilẹ̀. Bí ìlú náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ń gbin ànàmọ́ òyìnbó. Wọ́n ń sin màlúù àti àgùntàn. Wọ́n ń pẹja. Wọ́n sì ń mú irú edé ńlá kan tó ń gbé láàárín òkúta inú òkun. Edé náà ló ń mú owó wọlé fún wọn.

Báwo ni òkè náà ṣe rí?

Ẹ jẹ́ kí á yé ara wa: erékùṣù náà kò ní òkè lórí lásán. Òun fúnra rẹ̀ ni òkè náà. Ó rí roboto, bíi kìlómítà 12 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Orí rẹ̀ ga ju mítà 2,000 lọ sókè omi. Ṣùgbọ́n apá tí ojú ń rí kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkun níbẹ̀ jìn tó bíi mítà 3,500, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ òkè náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fà gbogbo omi òkun gbẹ, òkè tó ga ju mítà 5,000 ni a ó rí. Ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló yọ sókè omi.

Ta ló mọ òkè ńlá bẹ́ẹ̀? Iná ni. Òkúta yíyọ́ jáde láti abẹ́ òkun, ó tutù, ó di òkúta líle. Òmíràn tún jáde, ó tún jókòó lé ti àkọ́kọ́. Eérú náà ń bọ́ lé e. Bẹ́ẹ̀ ló ń ga sí i bí ògiri amọ̀ tí à ń mọ, ìpele kan lórí ìpele kejì, títí tó fi yọ orí jáde nínú omi. Àwọn onímọ̀ sọ pé apá tó wà lókè omi yìí kò tíì pẹ́ púpọ̀. Bíi 200,000 ọdún ni ọjọ́ orí rẹ̀. Lójú wa, ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lójú ilẹ̀ ayé, ọmọ àná ni.

Ẹ̀gbẹ́ òkè náà dà bí ògiri, ó là sókè láti etí òkun, ó ga tó mítà 600 ní ibi púpọ̀. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ènìyàn lè kọ́lé sí kò pọ̀. Ìlú kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ àríwá, láàárín ògiri òkúta yẹn àti òkun.

Níbo ni iná náà ti ń wá?

Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí le lókè. Ṣùgbọ́n bí a bá lè gbẹ́ ilẹ̀ lọ jìnnàjìnnà, ju kànga èyíkéyìí lọ, a ó rí i pé gbígbóná ló ń gbóná sí i. Lọ́hùn-ún, ooru pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òkúta fi ń rọ̀, tí òmíràn sì ń yọ́. Omi ń hó nígbà tí ooru rẹ̀ bá dé 100. Òkúta yíyọ́ lè dé 1,000.

Ohun kejì tó yẹ kí á mọ̀ nìyí. Awọ ilẹ̀ ayé kì í ṣe odindi kan. Ó dà bí igbá tó ti fọ́ tí a fi okùn rán pọ̀. Ègé ńláńlá ni. Áfíríkà wà lórí ègé kan, Amẹ́ríkà ti gúúsù wà lórí òmíràn. Àwọn ègé yìí ń rìn, ṣùgbọ́n wọn ò yára rárá. Ìrìn wọn nínú ọdún kan kò ju bí èékánná ọwọ́ wa ṣe ń gùn lọ.

Nígbà kan rí, Áfíríkà àti Amẹ́ríkà ti gúúsù so pọ̀. Ó ti ju mílíọ̀nù 100 ọdún lọ tí wọ́n ti ya. Ẹ wo àwòrán ayé tó wà lára ògiri kíláàsì yín. Ẹ ó rí i pé èjìká Brazil bá kọ̀rọ̀ tí etí òkun tiwa wà mu, bí ìgbà tí a bá ya àkàrà sí méjì. Omi ló wá kún àárín wọn. Àwọn Àgùdà tó wà ní Àjàṣẹ́ mọ bí omi náà ti fẹ̀ tó, nítorí àwọn baba ńlá wọn gbà á kọjá padà wálé láti Brazil. Títí di òní, òkun náà ń fẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀.

Lábẹ́ àdúgbò Tristan, ibì kan wà nísàlẹ̀ tó gbóná ju àyíká rẹ̀ lọ. Òkúta gbígbóná ń ti ibẹ̀ gòkè. Bí ó ti ń gòkè, ẹrù tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ń dín kù, ìgbà náà ni ó ń yọ́. Ẹ gbé fìtílà sílẹ̀, kí ẹ di páànù mú lókè rẹ̀, kí ẹ sì máa fà páànù náà díẹ̀díẹ̀. Èéfín yóò fi àmì dúdú lé páànù náà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, títí yóò fi di ìlà. Bó ṣe rí lábẹ́ òkun gan-an nìyẹn. Awọ ilẹ̀ ń kọjá lórí ibi gbígbóná náà, iná sì ń mọ òkè sí i lára. Nítorí náà ni àwọn òkè fi tò lábẹ́ omi láti Tristan lọ dé etí òkun Nàmíbíà ní Áfíríkà. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ Nàmíbíà ló dàgbà jù. Iná wọn ti kú tipẹ́. Iná ti Tristan kò tíì kú.

Àwọn àmì ọdún 1961

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1961, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì ní Tristan. Kò lágbára púpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ó ń mì, ó ń dúró, ó tún ń mì. Nígbà tó yá, mímì náà le sí i, ó sì ń sún mọ́ ara wọn. Òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti ara ògiri òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ilẹ̀ là nítòsí ilé. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ kan lẹ́bàá ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wú sókè.

Kí ló fa gbogbo èyí? Òkúta yíyọ́ ló ń wá ọ̀nà jáde. Kò sí ihò tó ṣí sílẹ̀ fún un, nítorí náà ó ń fi agbára la òkúta líle kọjá. Bí òkúta líle bá ṣẹ́, ilẹ̀ á mì. Bí òkúta yíyọ́ bá dé ìtòsí òkè, yóò ti ilẹ̀ sókè bí ìyẹ̀fun tó ń wú. Afẹ́fẹ́ gbígbóná sì há sínú rẹ̀, bí ìgbà tí a mi ìgò mínírà tí a kò tíì ṣí. Ẹ ò rí i pé àwọn àmì náà kì í ṣe ohun àràmàǹdà? Iṣẹ́ tó ń lọ nísàlẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún wa.

Ohun kan tún yẹ kí á kíyè sí. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé òkè oníná ni òkè wọn. Ihò ńlá wà lórí rẹ̀ lókè pátápátá, adágún omi sì wà nínú ihò náà. Ṣùgbọ́n iná ọdún 1961 kò gba orí òkè jáde. Ẹsẹ̀ òkè ló gbà, lẹ́bàá ìlú. Ibi tí ènìyàn ń wò kọ́ ni ewu ti yọ.

Bí wọ́n ṣe sá

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá, wọ́n pinnu pé kò sí ẹni tí yóò sùn sílé. Gbogbo ìlú kó lọ sí oko ànàmọ́ wọn, tó jìnnà díẹ̀ sí ibi tí ilẹ̀ ti ń wú. Àgbà, aláìsàn, ọmọ ọwọ́, kò sí ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀. Nínú àwọn ahéré oko ni wọ́n ti sun òru náà nínú òtútù.

Ó dára tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Iná jáde. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ 10 mọ́, èéfín ń yọ, òkúta pípọ́n ń tú jáde níbi tí ilẹ̀ ti wú. Wọn kò dúró wòran. Ọkọ̀ ìpẹja méjì, Tristania àti Frances Repetto, kó wọn lọ sí erékùṣù kékeré kan tó ń jẹ́ Nightingale, níbi tí ẹyẹ pọ̀ sí ju ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ńlá àwọn ará Họ́láǹdì kan, Tjisadane, yà, ó sì gbé wọn lọ sí Cape Town. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ mìíràn gbé wọn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gúnlẹ̀ ní ìlú Southampton ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá. Àwọn ará erékùṣù náà jẹ́ 264. Iná náà kò pa ẹnì kankan nínú wọn.

Ẹ rò ó wò. Màlúù, àgùntàn, ilé, àpótí aṣọ, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kàn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀. Ó dun ènìyàn kí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ baba rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ.

Lẹ́yìn wọn, òkúta yíyọ́ ń ṣàn. Irú ti Tristan yìí kì í ṣàn bí omi. Ó ki bí àmàlà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọ́ lọ, ó ń kó ara jọ di òkìtì gíga. Ó bo ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi edé sínú agolo. Ó bo èbúté tí ọkọ̀ wọn ti ń gúnlẹ̀. Ó wọ inú òkun, omi sì hó kùù, ó di ooru funfun. Níbi tí òkun wà tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ tuntun wà níbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ó dúró kí ó tó bo ìlú. Ilé tó pọ̀ jù lọ ṣì wà lórí ìdúró.

Ilé làbọ̀ sinmi oko

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba fún wọn ní ilé, wọ́n sì rí iṣẹ́ ṣe. Iná mànàmáná wà, ọjà kún, mọ́tò pọ̀. Àmọ́ ara wọn kò mọ ibẹ̀ lára. Àìsàn òtútù ń dà wọ́n láàmú, nítorí ní erékùṣù wọn tó jìnnà, wọn kì í sábà rí irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ariwo pọ̀. Kò sí oko tiwọn, kò sí òkun tiwọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1962, àwọn onímọ̀ lọ sí Tristan láti wo òkè náà. Wọ́n rí i pé iná ń rọlẹ̀. Àwọn ará erékùṣù bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí a dá àwọn padà. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n dìbò. Àwọn 148 ní àwọn ń lọ sílé. Àwọn 5 péré ni kò fẹ́. Àwọn díẹ̀ kọ́kọ́ lọ tún ilé ṣe. Ní ọdún 1963, àwọn tó kù padà dé. Wọ́n tún oko ṣe, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ edé mìíràn, wọ́n sì ṣe èbúté tuntun nítorí pé òkúta ti bo ti tẹ́lẹ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, ṣé orí wọn pé ni? Ta ló ń padà sórí iná? Ṣùgbọ́n ẹ rántí: iná yẹn kan náà ló mọ ilẹ̀ tí wọ́n ń gbìn. Òun ló mọ òkúta tí edé ń gbé inú rẹ̀. Bí kò bá sí iná, omi lásán ni ìbá wà níbẹ̀. Wọn kò sọ pé kò séwu. Wọ́n mọ ewu náà, wọ́n sì mọ àmì rẹ̀.

Iná náà kò tíì kú. Ní ọdún 2004, ilẹ̀ tún mì ní Tristan. Lẹ́yìn náà, òkúta fúyẹ́fúyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó lórí omi wá sétí òkun. Iná ló jáde lábẹ́ omi, jìnnà díẹ̀ sí erékùṣù náà. Kò sẹ́ni tó fara pa. Lónìí, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó 300. Ẹ̀rọ wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ mímì ilẹ̀, títí kan èyí tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè mọ̀.

Òkè tiwa ńkọ́?

Ẹ̀yin ará Sábẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ará Ìdàáṣà, mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè: ṣé òkè tiwa náà lè yọ iná? Rárá o. Òkúta òkè Sábẹ́ẹ̀ gbóná nígbà kan rí, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti tutù, ó sì ti tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Òjò àti afẹ́fẹ́ ló wá ṣí ilẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ tó fi yọ. Òkè oníná tó ń ṣiṣẹ́ tó sún mọ́ wa ni òkè Kamẹrúùnù, tó ga ju mítà 4,000 lọ. Iná jáde níbẹ̀ ní ọdún 1999 àti ní ọdún 2000.

Ṣùgbọ́n ewu tiwa wà. Omi odò tó ń kún ń fi àmì hàn. Ògiri tó fẹ́ wó ń là kí ó tó wó. Ẹni tó bá rí àmì, kí ó sọ. Ẹni tó bá gbọ́, kí ó má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ará Tristan kò dúró kí iná tó dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó kó ọmọ wọn. Oko ni iná ti bá wọn. Ohun tó yọ wọ́n nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á jọ sọ̀rọ̀ lé e lórí

1. Àmì wo ni ilẹ̀ fi hàn ní Tristan kí iná tó jáde? Ẹ to wọn ní ẹsẹẹsẹ.
2. Kí ló ń jẹ́ kí ilẹ̀ mì bí òkúta yíyọ́ bá ń gòkè?
3. Bí iná bá lè mọ ilẹ̀, tó sì lè ba ilé jẹ́, kí ni ẹ ó sọ fún ẹni tó ní kí àwọn ará Tristan má padà mọ́?
4. Ewu wo ló wà ní abúlé tiyín? Kí ni àmì rẹ̀? Ta ni yóò kéde rẹ̀? Níbo ni gbogbo yín yóò sá sí?

Ẹ kọ ìdáhùn ìbéèrè kẹrin sínú ìwé yín, kí ẹ sì kà á sókè fún àwọn ará ilé tí kò tíì mọ̀wé kà.